Ìwé Kì Í Ṣe Gàrí Tí À Ń Fi Kóńgò Wọ̀n

Gbogbo ẹni tó bá ti ra gàrí lọ́jà rí ló mọ̀ pé kóńgò ò dọ́gba. Òǹtajà kan á ti gún ìdí tiẹ̀ wọnú, òmíràn á ti lu ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀ títí inú rẹ̀ á fi fún. Bó bá wá ń wọn gàrí fún yín, á bù ú sí i, á tún bù ú sí i, á kó o jọ ṣóńṣó sórí bí òkè, inú yín á sì máa dùn pé ẹ ti jèrè. Kì í ṣe pé gbogbo ìyá ọlọ́jà ló burú. Kóńgò ni oníbàárà ń wò, kò wo gàrí, torí náà ara kóńgò ni ọgbọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ púrójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá ṣe rí ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ wa. "Kò gbọdọ̀ dín ní ojú ìwé 60." Níbòmíràn 70 ni, níbòmíràn 80. Ẹni tó bá mú 45 wá, wọ́n á ní kó padà lọ fi kún un. Wọn ò ní sọ ohun tó yẹ kó kọ tí kò kọ. Àwa tí à ń kọ èyí, kóòdù là ń kọ jẹun. Computer Science la kà, a ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, lọ́dọọdún sì làwọn àbúrò tó wà ní ipele kẹrin máa ń fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí wa pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó." À ń wò ó. Ohun tí à ń rí níbẹ̀ ti wá sú wa.

Ẹ jẹ́ á ṣí ọ̀kan. Ká ní orí ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn kékeré kan ni iṣẹ́ náà dá lé. Iṣẹ́ gidi ni, ìlú nílò ó. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó dé ilé ìwòsàn, ẹ ó kọ́kọ́ kí gbogbo ẹbí: ìdúpẹ́ nìkan gba ojú ìwé mẹ́ta, látorí Ọlọ́run Ọba dé orí ẹni tí wọ́n jọ gbé yàrá ní ọdún kejì. Orí kìíní dé, ó ní ayé ti di ayé kọ̀ǹpútà. Orí kejì dé, a wá bẹ̀rẹ̀ látorí abacus, a gba ọ̀dọ̀ Charles Babbage kọjá, a yà kí ENIAC ní Amẹ́ríkà, a ń ka ìran kọ̀ǹpútà láti ìkíní dé ìkarùn-ún bí ẹni ń ki oríkì. Kí ni Babbage ń wá nídìí káàdì aláìsàn? Ọkùnrin náà ti kú láti 1871! Lẹ́yìn ìyẹn ni àlàyé ọ̀rọ̀: "Kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹ̀rọ tó ń gba dátà wọlé, tó ń ṣiṣẹ́ lé e lórí, tó sì ń gbé èsì jáde." Ọmọ ipele kẹrin ní Computer Science ló ń sọ ìyẹn fún olùkọ́ Computer Science. Ta ló ń kọ́ ta?

Ó tún ku àwòrán. Ojú ìwé kan fún ibi tí wọ́n ti ń tẹ orúkọ àti password, ojú ìwé kan fún ìgbà tí password bá ṣì, ojú ìwé kan fún ìgbà tí èèyàn bá jáde. Paríparí rẹ̀ ni kóòdù, ojú ìwé 25 tí wọ́n dà sẹ́yìn ìwé náà bí ẹni da ìdọ̀tí sẹ́yìnkùlé, tí ìlàjì rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn kọ tí wọ́n kàn wà jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wá wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì méjì bá ṣí káàdì aláìsàn kan náà pọ̀, tí àwọn méjèèjì sì kọ nǹkan sí i, ti ta ni yóò dúró? Bí iná bá lọ nígbà tí dókítà ń kọ oògùn sílẹ̀ lọ́wọ́, ṣé ìdajì oògùn ló máa wà níbẹ̀ ni, àbí òfo? Ta ló láṣẹ láti rí i pé aláìsàn kan ní kòkòrò HIV, ta ni kò sì gbọdọ̀ rí i? Ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ju ojú ìwé mẹ́rin lọ, àwọn gan-an sì ni púrójẹ́ẹ̀tì náà. Èèyàn lè ka ojú ìwé 83 kó má pàdé ẹyọ kan nínú wọn. Ọmọ tó kọ ọ́ kì í sì í ṣe olódo o. Ẹ pè é lórí fóònù, ẹ bi í, á dá yín lóhùn pé òun ronú sí i, òun tiẹ̀ lo transaction kí ìdajì àkọsílẹ̀ má bàa wọlé, òun kàn rò pé kò yẹ ní kíkọ ni. Ohun tó gùn nìkan ni wọ́n kọ́ ọ pé ó yẹ ní kíkọ.

Ní ti ọgbọ́n àtifà á gùn, ẹ fi àwọn ọmọ wa sílẹ̀. Wọ́n ní kí fọ́ǹtì jẹ́ Times New Roman 12. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní 12, wọ́n á wá sọ gbogbo àmì ìdánudúró, ìyẹn tótó kékeré tó ń parí gbólóhùn, di 14. Ojú lásán ò lè rí i, àmọ́ ó ń ti ìlà sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àyè àárín ìlà tí wọ́n ní kó jẹ́ 2.0 á di 2.15. Etí ìwé á wọlé díẹ̀ sí i. "Torí pé" á di "nítorí ìdí èyí tí í ṣe pé." Ẹlòmíràn mọ̀ pé iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kà, á tẹ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ sísàlẹ̀ ìwé, á kùn ún ní funfun kí ojú má bàa rí i, Microsoft Word á sì kà á mọ́ ọn, torí Word ò mọ àwọ̀, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ ló mọ̀. A máa ń rẹ́rìn-ín tá a bá rí i, ká má purọ́. Ọpọlọ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ro iye òru tí ọpọlọ yẹn fi ń gún ìdí kóńgò.

Kì í ṣe yunifásítì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìdánwò WAEC ní kí aròkọ Gẹ̀ẹ́sì tó nǹkan bí ọ̀rọ̀ 450, ni àwọn ọmọ bá ń fi pẹ́ńsù ka ọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rò ó pọ̀: 210, 219, 230. Ọkàn ò sí lórí ohun tí wọ́n ń sọ mọ́. Wọ́n dé yunifásítì, wọ́n bá ìtàn kan pàdé ní gbọ̀ngàn ìdánwò, pé olùkọ́ kan wà tó máa ń fi rúlà wọn bí ìwé ìdánwò ṣe nípọn tó kó tó fún ni ní máàkì. Kò sẹ́ni tó rí olùkọ́ náà rí o. Síbẹ̀, kí wákàtí kan tó pé, ẹ ó máa gbọ́ "Extra sheet, sir!" láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àyà ẹni tí kò bá sì tíì béèrè á máa já.

Nídìí iṣẹ́ tiwa, wọ́n ti gbìyànjú irú òṣùwọ̀n yìí rí. Ní 1982, àwọn ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Lisa ní iléeṣẹ́ Apple ní kí olúkúlùkù máa kọ iye ìlà kóòdù tó kọ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú fọ́ọ̀mù. Ó bá ìgbà tí Bill Atkinson, ọ̀kan nínú àwọn tó mọṣẹ́ jù níbẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ tún apá kan QuickDraw kọ tán, ìyẹn kóòdù tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà náà. Ohun tó kọ yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa, ó sì fi nǹkan bí ìlà 2,000 kéré sí i. Ó gba fọ́ọ̀mù, ó kọ -2,000 síbẹ̀. Kò pẹ́ tí wọn ò fi ní kó kún un mọ́. Ẹni tó bá ti fi kóòdù jẹun fún ọdún mélòó kan á mọ irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀: ọjọ́ tí èèyàn pa nǹkan rẹ́ jù ló máa ń jẹ́ ọjọ́ tó ṣiṣẹ́ jù. Charles Goodhart, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ohun tó jọ èyí sílẹ̀ ní 1975 lórí ọ̀rọ̀ owó, pé bí wọ́n bá ti sọ òṣùwọ̀n kan di ohun tí wọ́n fi ń darí èèyàn, òṣùwọ̀n náà ò ní sọ òótọ́ mọ́. Àwọn ìyá onígàrí ti mọ̀ ọ́n ṣáájú rẹ̀.

Ẹ tún wo àwọn ọ̀mọ̀wé fúnra wọn. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Leonhard Euler rò pé bí a bá fẹ́ ro àwọn nọ́ńbà tó wà ní agbára karùn-ún pọ̀, kí àpapọ̀ wọn tún jẹ́ nọ́ńbà kan ní agbára karùn-ún, wọn ò lè dín ní márùn-ún. Nǹkan bí igba ọdún kọjá, kò sẹ́ni tó já a nírọ́. Ní 1966, L. J. Lander àti T. R. Parkin fi kọ̀ǹpútà CDC 6600 wá a kiri, wọ́n sì rí mẹ́rin: 27⁵ + 84⁵ + 110⁵ + 133⁵ = 144⁵. Ẹ ṣírò rẹ̀ lórí fóònù yín, à ń dúró. Ìwé tí wọ́n fi kéde rẹ̀ fáyé ò ju gbólóhùn méjì lọ. Ìwé tí John Nash fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Princeton ní 1950 ò tó ojú ìwé 30, iṣẹ́ inú rẹ̀ ló sì wà nídìí ẹ̀bùn Nobel tí wọ́n fún un ní 1994. Èyí tí Watson àti Crick fi sọ bí DNA ṣe rí ní 1953, ojú ìwé kan àti díẹ̀ ni. A ò sọ pé ọmọ ipele kẹrin ni Nash o. Ohun tí à ń sọ ni pé ní ọ̀pọ̀ dípáátímẹ́ǹtì wa, wọ́n á dá Nash padà pé kó lọ kọ àlàyé ọ̀rọ̀.

Ilé wa gan-an ni wọ́n ti ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Àwọn tó ń pa á fún wa ní kíláàsì ló tún ń béèrè odindi mẹ́ta fún àbọ̀ kan.

Nínú sẹ́ẹ̀tì tiwa, ọ̀kan nínú wa kọ ètò tó ń pín àkókò ìdánwò fún odindi fákọ́tì, kí ìdánwò méjì tí ọmọ kan náà fẹ́ ṣe má bàa bọ́ sí wákàtí kan ṣoṣo. Ó ṣiṣẹ́. Fákọ́tì náà lò ó ní sáà yẹn. Ojú ìwé 41 ni ìwé rẹ̀. Súpáfáísọ̀ ò ṣí i, ó fi àtàǹpàkò àti ìka méjì fún un wò bí ẹni ń wo bóyá búrẹ́dì rọ̀, ó ní, "Kò tíì tó." Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, 41 ti di 72, abacus ti wọlé, Babbage ti wọlé. Kò sí ìmọ̀ tuntun kan ṣoṣo nínú 31 tó lé. Ó gba B. Ẹnì kan wà tó gba A lọ́dọ̀ súpáfáísọ̀ kan náà, ètò tiẹ̀ ò ṣí rárá lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó fi hàn, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ nípọn, kọ́fà rẹ̀ le, lẹ́tà rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ wúrà. A ò ní dárúkọ yunifásítì náà, torí kì í ṣe òun nìkan.

Owó ńkọ́? Ẹ̀dà mẹ́rin ni wọ́n gbà: ti súpáfáísọ̀, ti dípáátímẹ́ǹtì, ti láìbìrì, ti ẹni tó kọ ọ́. Ojú ìwé 31 tó lé yẹn lọ́nà mẹ́rin, 124 nìyẹn, tí ọmọ tí ń jẹ gàrí láìsí ṣúgà sanwó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé. Ibo ló wá ń gbà á lọ? Igun ọ́fíìsì, níbi tí wọ́n tò wọ́n jọ sí dé òrùlé títí èkúté fi débẹ̀. Ẹlòmíràn ti ra ẹ̀pà rí tó rí i pé ojú ìwé ìdúpẹ́ ẹnì kan ni wọ́n fi dì í.

Títí di ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, ẹni tó bá fẹ́ gbèjà òfin yìí ṣì ní ohun tó lè sọ: pé kíkọ ojú ìwé 60, bó ti wù kó rí, iṣẹ́ ni, ó ń fi hàn pé ọmọ náà fìdí jókòó. Ìyẹn náà ti lọ láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde. Ojú ìwé 60 ti di iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ ní kó fi 20 kún un, á fi kún un, kò ní béèrè ìdí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa dán, á sì máa yípo bí ẹran ìso. Níbi tí ọ̀rọ̀ púpọ̀ bá ti di ọ̀fẹ́, ẹ̀rí kí ni púpọ̀ rẹ̀ tún ń jẹ́? Àwọn yunifásítì gbé Turnitin dìde láti mú àwọn tó ń jí ọ̀rọ̀ kọ. Ni àwọn kan bá rí i pé lẹ́tà "a" àwọn ará Rọ́ṣíà jọ tiwa bí ìbejì, tó sì jẹ́ pé nọ́ńbà ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà fi dá a mọ̀. Wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ káàkiri kí ẹ̀rọ má bàa dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀. Àwọn tó ni ẹ̀rọ náà tún wá ọgbọ́n sí ìyẹn. Eré ológbò àti eku, lórí ọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ ọ́, tí kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kà á.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú sí wa. A mọ iye ọmọ tí wọ́n ń pín fún yín, a mọ iye owó oṣù yín, a sì rántí pé oṣù mẹ́jọ ni ìyanṣẹ́lódì ASUU gbà ní 2022. A mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ pẹ̀lú: "Bí a ò bá fi òfin dè wọ́n, ojú ìwé márùn-ún ni wọ́n máa mú wá." Òótọ́ ni, àwọn kan á mú un wá. Ṣùgbọ́n ojú ìwé márùn-ún tó ṣófo, ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ ó fi mọ̀ pé ó ṣófo. Ọgọ́ta tó ṣófo lè gba odindi ọ̀sán lọ́wọ́ yín, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó kọ ọ́ ń gbàdúrà pé kẹ́ ẹ má ní odindi ọ̀sán. Ẹ jẹ́ á ṣírò rẹ̀ ná. Ká ní ọgbọ̀n ọmọ ló wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan. Ní ojú ìwé 70 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 2,100 nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé kò gbọdọ̀ ju 25 lọ, 750 ni. Nínú àkókò tó ṣẹ́ kù, kí olùkọ́ fi ogún ìṣẹ́jú jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan nídìí kọ̀ǹpútà, wákàtí mẹ́wàá péré ni fún gbogbo wọn. Kó ní, "Ṣí i. Ó dáa. Wá yí ibí yìí padà níwájú mi, kí orúkọ aláìsàn má hàn sí akọ̀wé." Ẹni tó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á níwájú géètì á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Kò sí ChatGPT tó máa bá a yọ irú òógùn bẹ́ẹ̀ nù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yín kù.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kúrò lábẹ́ òfin "kò gbọdọ̀ dín," abẹ́ òfin "kò gbọdọ̀ jù" lẹ máa bọ́ sí, kò sì sẹ́ni tó kọ́ yín ní tibẹ̀. Fọ́ọ̀mù Common App tí àwọn tó fẹ́ lọ kàwé ní Amẹ́ríkà ń kún ò gba ju ọ̀rọ̀ 650 lọ fún aròkọ. Ti UCAS ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà 4,000 ni, àlàfo wà nínú rẹ̀. Ní àpérò ACL, níbi tí wọ́n ti ń jíròrò bí kọ̀ǹpútà ṣe ń lo èdè, iṣẹ́ gígùn ò gbọdọ̀ ju ojú ìwé 8 lọ, kúkúrú ò gbọdọ̀ ju 4 lọ, wọn kì í sì í ka àwọn ìwé tí a tọ́ka sí mọ́ ọn. Ọmọ tó ti fi ọdún mẹ́rin kọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀ ẹ́, tó wá dé ibi tí wọ́n ti ní kó fún un, kí ló máa ṣe? Ohun tó mọ̀ ló máa ṣe, á kàn yí i sódì ni. Fọ́ǹtì á di 9. Lẹ́tà inú táìtì àwòrán á kéré bí ẹyin èèrà. Àwọn tó ń lo LaTeX á máa fi \vspace tó ní àmì àyọkúrò fa ìpínrọ̀ lura wọn títí ìlà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ara wọn. Àpérò bíi NeurIPS kọ ọ́ sínú òfin wọn pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ètò ìlà àti etí ìwé, wọ́n lè tìtorí rẹ̀ kọ iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ ọdún kan, ó lọ báyẹn, torí mìlímítà méjì. À ń wò ó bí ẹni tó gba kóńgò lọ́wọ́ òǹtajà, tí òun náà wá ń fi ọwọ́ ti ìdí rẹ̀ jáde.

Iṣẹ́ ni gígé ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí a bá ń yẹ kóòdù ara wa wò ní ibi iṣẹ́, ìbéèrè tí à ń bi ìlà kọ̀ọ̀kan ni pé, "Bí a bá yọ ọ́, kí ló máa bàjẹ́?" Bí kò bá sí, ó lọ. Ìpínrọ̀ náà ní irú ìbéèrè tiẹ̀. Ohun tí ẹni tó fẹ́ kà á ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ yọ ọ́, ìyẹn nìkan á gbé orí kìíní lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ohun tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n, torí ẹ̀yin lẹ jókòó tì í tí kò ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó ṣiṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀, kódà ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú. Ó máa ń dun ni. Gbólóhùn tó bá dùn mọ́ yín jù ló sábà máa ń jẹ́ èyí tí ẹni tó ń kà á fò kọjá.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olùkọ́ kọ́ ló ni ẹ̀bi rẹ̀. Àwọn tó ń fi Yorùbá kọ nǹkan, kóńgò tí wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n tún ti wọ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan báyìí, "ọ̀rọ̀" fúnra rẹ̀. Lójú wa, lẹ́tà mẹ́ta ni. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dúró fún "ọ̀" nínú Unicode, ìyẹn àtẹ tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń mọ lẹ́tà; "ọ" ní tiẹ̀, àmì orí rẹ̀ ní tiẹ̀. Torí náà, fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì á ka "ọ̀rọ̀" sí 5. Bí bọ́tìnnì tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ bá tún ya àmì ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀, ó di 7. Bó bá jẹ́ bytes ni ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù náà ń kà, nínú UTF-8, 11 ni. Mẹ́ta, márùn-ún, méje, mọ́kànlá, ọ̀rọ̀ kan náà! Bẹ́ẹ̀ ni SMS: lẹ́tà 160 ló ń gbà, ṣùgbọ́n ẹ fi "ẹ" kan ṣoṣo síbẹ̀, ó di 70. Ẹni tó fi àmì sí iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ló ń sanwó orí, ẹni tó kọ ọ́ jálajàla ló ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ká tó wá kan iye ọ̀rọ̀. Ẹnì kan ń kọ "nígbàtí" ní ọ̀rọ̀ kan, ẹlòmíràn ń kọ "nígbà tí" ní méjì, Word sì ń kà á gẹ́gẹ́ bó ṣe rí i. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin lè di "a máa ń lọ sí ibẹ̀," tó jẹ́ mẹ́fà. Ẹni tó bá ní kí àkékúrú iṣẹ́ ìwádìí má ju ọ̀rọ̀ 250 lọ, Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́kàn rẹ̀, ó wá ń fi aṣọ tí wọ́n rán fún Gẹ̀ẹ́sì wọ Yorùbá. Èyí kan àwa tí à ń kọ fọ́ọ̀mù. Kíka lẹ́tà bí ojú ṣe ń kà á kì í ṣe iṣẹ́ tó le, irinṣẹ́ rẹ̀ wà nínú JavaScript, Intl.Segmenter ló ń jẹ́, ìlà mélòó kan ni. Kò sí àwíjàre fún ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù fún yunifásítì tó ní ẹ̀ka ìmọ̀ èdè Yorùbá tí kò lò ó.

Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe púrójẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ lọ́dún yìí. A ò ní ní kí ẹ lọ bá súpáfáísọ̀ yín jà, a mọ ibi tí yàǹgàn rẹ̀ máa ń parí sí. Ẹ kọ́kọ́ mú ojú ìwé 25 yẹn lọ bá a, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí ètò yín ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìbéèrè wo ló wà tí iṣẹ́ yìí ò tíì dáhùn?" Bó bá dárúkọ ọ̀kan, ẹ dúpẹ́, ẹ lọ dáhùn rẹ̀, kó gba ojú ìwé mélòó tó bá fẹ́ gbà. Bó bá jẹ́ "kò tíì tó" nìkan ló sọ, ẹ rọra bi í pé inú ìwé òfin dípáátímẹ́ǹtì wo ni iye náà wà, kẹ́ ẹ lè rí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Àwa béèrè nígbà tiwa. Wọ́n ní ká lọ sí ọ́fíìsì HOD, HOD ní ká lọ bi akọ̀wé, akọ̀wé ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ tó ti dé ibẹ̀.